Ẹ Ṣí Fáìlì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bánjọ

Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà Ètò Ààbò àti sí Ọ̀gá Àgbà Àwọn Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ Nàìjíríà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ yín, pàápàá àwọn tó wà nínú igbó lókè Ọya báyìí tí ìyá wọn kò rí oorun sùn nílé. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò ní ìbọn nínú. Fáìlì ọkùnrin kan ni mo ní kí ẹ bá wa ṣí, ẹni tí wọ́n ti yìnbọn pa láti ọdún 1967: Lẹ́fútẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Victor Adébùkúnọlá Bánjọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín á ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, kí la tún ń hú u síta fún? Kò tíì di àtijọ́. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ẹ̀yin fúnra yín máa ń wọ aṣọ iyì, ẹ máa ń gbé òdòdó síbi ìrántí, ẹ máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìdìtẹ̀gbàjọba àkọ́kọ́ wáyé ní 1966. Ìdìtẹ̀ yẹn ló sọ Bánjọ sẹ́wọ̀n, ogun yẹn ló sì gbẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí fèrè bá ń dún ní ọjọ́ náà, ṣé ó wà lára àwọn tí ẹ ń fọn ọ́n fún? Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá wa lóhùn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn àgbà tó gbọ́ ọ, bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ mọ irú ilé tó ti wá. Ní 1953 ló wọṣẹ́ ológun, nígbà tó jẹ́ pé òyìnbó ló kún gbogbo ipò ọ̀gá ní bárékè wa. Òun ni ọmọ Nàìjíríà kẹrìndínlógún tí wọ́n gbé sípò ọ̀gá ológun. Ó lọ sí Sandhurst, ó tún gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀rọ àti iná mànàmáná nínú iṣẹ́ ológun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀ka yẹn sọ́kàn. Àwọn ló ń tún lọ́rì ṣe, àwọn ló ń tún ìbọn ṣe, àwọn ló ń rí i pé rédíò ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé kí ẹ́ńjìnnì má dákú ni iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n padà wá fi ṣe olórí ogun tí yóò gba odindi ẹkùn kan, tí yóò sì dojú kọ Èkó. Títí dòní, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ìyẹn fún mi tó yé mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní 1966. Bánjọ kò sí lára àwọn májọ̀ tó jáde lóru tí wọ́n pa àwọn aṣáájú ìjọba bíi Balewa, Sardauna àti Akíntọ́lá. Ironsi ló gba ìjọba lẹ́yìn ìpànìyàn náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n mú Bánjọ, ẹ̀sùn tí wọ́n sì kà sí i lọ́rùn ni pé ó fẹ́ pa Ironsi. Ẹ̀sùn ńlá ni. Bó bá jẹ́ òótọ́, ìlànà wà nínú iṣẹ́ yín: kí wọ́n gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, kí òun náà la ẹnu rẹ̀ sọ tirẹ̀. Wọn kò ṣe é. Ironsi kò ṣe é títí wọ́n fi pa òun àti Fájuyì ní Ìbàdàn ní oṣù keje ọdún náà. Gowon gorí àlééfà, òun náà kò ṣe é. Ó ju ọdún kan lọ tí Bánjọ fi wà lẹ́wọ̀n láìfojú kan adájọ́, apá Ìlà-Oòrùn ló sì wà níkẹyìn. Àwọn lẹ́tà tó ń kọ sí ìyàwó rẹ̀ nígbà náà ti di ìwé láti 2008. Ìyẹn ni pé àwọn ẹbí rẹ̀ ti kó ohun tó wà lọ́wọ́ wọn síta fún aráyé kà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ìjọba ló kù.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ti Bánjọ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sẹ́ni tó tilẹ̀ gbẹ́jọ́ kankan. Ẹ̀sùn yẹn wà lọ́rùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú, ó sì wà lọ́rùn rẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ ṣí àwọn ìwé ìtàn ogun náà wò. Ọ̀kan á ní ó fẹ́ pa Ironsi, òmíràn á ní wọ́n purọ́ mọ́ ọn ni, kò sì sí nínú wọn tó fi àbájáde ìwádìí ológun tì í lẹ́yìn.

Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún un ní 1967, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni èmi àti àwọn tó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ti máa ń já ara wa ní koro. Ẹ wo ibi tí ọkùnrin náà dúró sí. Ìlà-Oòrùn ló wà. Ẹjọ́ tí wọn kò dá ń dúró dè é ní Èkó. Ọ̀nà sì ń dí lójoojúmọ́. Ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, Ojukwu kéde Biafra. Ọjọ́ 6 oṣù keje, ìbọn ti ń dún. Bó bá sá padà sí Èkó, ta ni ì bá gbà á bí kò ṣe wọ́dà? Mi ò sọ pé ìyẹn dá a láre o. Ọmọ ogun tó ti búra fún orílẹ̀-èdè kan, tó wá gbébọn fún àwọn tó yapa kúrò nínú rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kò lè fúyẹ́. Àmọ́ kò yẹ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà nínú ilé rẹ̀ ní Èkó, tó ń jẹun, tó kàn dìde lọ bá ọ̀tá.

Òru mọ́jú ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1967 ni lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá lórí afárá Odò Ọya láti Onitsha sí Asaba. Afárá náà ṣì jẹ́ tuntun nígbà yẹn, kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n kọ́ ọ tán. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ṣọ́jà ló tẹ̀ lé Bánjọ, ẹni tí Biafra ti fi ṣe Bírígédíà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ológun tó wà ní Midwest, ẹkùn tí wọ́n bọ́ sí, ló jẹ́ ọmọ Ìgbò, nítorí náà ẹnubodè kò ṣe bí ẹnubodè. Ìbọn kò fi bẹ́ẹ̀ dún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bìní ti bọ́, Warri ti bọ́, Sapele ti bọ́. Gómìnà David Ejoor di ẹni tó ń sá pamọ́ nínú ẹkùn tó ń ṣàkóso. Títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, ìgbésẹ̀ ọlọ́pàá ni ìjọba àpapọ̀ ń pe gbogbo ìjà náà, bí ẹni pé olè ni wọ́n ń lé. Lẹ́yìn Bìní ni Gowon kéde pé ogun gidi ló dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ológun, ẹ mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Láti Bìní sí Ore, wákàtí díẹ̀ ni nínú mọ́tò. Lẹ́yìn Ore, Èkó àti Ìbàdàn ló kù, àwọn ọmọ ogun tó wà nílẹ̀ láti dá a dúró kò sì tó nǹkan. Bánjọ jókòó sí Bìní. Ó ń ṣèpàdé. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ó bọ́ sórí rédíò, ó ní ogun ìdáǹdè ni òun ń jà, pé àwọn ọmọ ogun òun kò wá láti fi ẹ̀yà kan jọba lórí òmíràn, pé òun kò sì sí lára àwọn tó fẹ́ kí Nàìjíríà fọ́. Ẹ rántí pé ẹni tó rán an níṣẹ́ ti kéde ìyapa láti oṣù karùn-ún. Ó ń fi ọkọ̀ Biafra gbèjà Nàìjíríà kan ṣoṣo! Bóyá ọgbọ́n ni, bóyá ìgbéraga ni. Èmi rò pé àwọn méjèèjì ni. Ojukwu gbọ́, inú rẹ̀ kò dùn, ó sì yan Májọ̀ Albert Okonkwo, oníṣègùn nínú iṣẹ́ ológun, pé kó wá ṣàkóso Midwest.

Nígbà tí wọ́n máa fi dé Ore, ìjọba àpapọ̀ ti kó ọmọ ogun jọ dè wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì há sí. Gbogbo wa la mọ ìjà yẹn, kódà ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. “Ó le kú, ìjà Ore!” Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń sọ ọ́ nídìí bọ́ọ̀lù, ọmọ iléèwé ń sọ ọ́ bí ìdánwò bá le. Ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé ta ló kó ogun dé Ore. Á ní Ìgbò ni. Ẹ sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ni olórí ogun náà, ẹ wá wo ojú rẹ̀.

Kí ló dá a dúró ní Bìní? Àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní ó ń fi àkókò ṣòfò ni kí ogun wọn lè bàjẹ́. Àwọn kan nílẹ̀ Yorùbá ní Ọlọ́run ló gbà wá. Ohun tí èmi rí ni pé ọ̀nà kẹta ló ń wá, tí kì í ṣe ti Gowon, tí kì í sì í ṣe ti Ojukwu, ó sì gbà pé bí àwọn aṣáájú Yorùbá bá lè tẹ̀ lé òun, ọ̀nà náà á là. Ó ti pẹ́ jù. Láti oṣù kẹfà ni Awólọ́wọ̀ ti wọ ìjọba Gowon, tó di igbákejì alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àti kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó. Àwọn tí Bánjọ ń ké sí ti jókòó sídìí tábìlì mìíràn.

Ẹnì kan lọ bá a sọ̀rọ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó ti kọ́kọ́ lọ rí Ojukwu ní Ìlà-Oòrùn láti wá bí ogun ṣe máa dáwọ́ dúró, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bánjọ, ó sì jẹ́ ẹ fún ọ̀gá ológun tó wà ní Ìbàdàn, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Bánjọ ń fẹ́ kí ọ̀nà Èkó ṣí sílẹ̀ fún òun. Kò ṣí. Ọ̀rọ̀ tí Ṣóyínká àti Ọbásanjọ́ bára wọn sọ lóru Ìbàdàn yẹn, àwọn méjèèjì ti kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé wọn kò sì bára mu. Ọ̀kan gba ẹ̀bùn Nobel, èkejì ṣe olórí orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mejì. Èmi wo ni màá pe ọ̀kan nínú wọn ní òpùrọ́? Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ṣóyínká lọ sẹ́wọ̀n nǹkan bí ọdún méjì nítorí ìrìn àjò yẹn, láìsí pé wọ́n gbé òun náà lọ sílé ẹjọ́. Ẹ ò rí i bí àṣà yẹn ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó?

Ìparí rẹ̀ yá kíákíá. Ọ̀gágun Murtala Muhammed kó ọmọ ogun Díífíṣọ̀n Kejì wọ Midwest. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, Okonkwo kéde pé Bìní ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Lọ́jọ́ kejì, ìjọba àpapọ̀ gba ìlú náà padà, orílẹ̀-èdè náà sì tán síbẹ̀. Ojukwu ti ní kí wọ́n mú Bánjọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn lọ́tẹ̀ yìí ni pé ó fẹ́ dìtẹ̀ gba ìjọba Biafra. Wọ́n fi í jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àkànṣe pẹ̀lú Májọ̀ Emmanuel Ifeajuna, Philip Alale àti Samuel Agbam. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1967, wọ́n yìnbọn pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Enugu. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Bánjọ. Ifeajuna tó kú pẹ̀lú rẹ̀ wà lára àwọn tó dìtẹ̀ ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1966. Òun náà ló fò sókè gba góòlù fún Nàìjíríà ní Vancouver ní 1954, adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba góòlù níbi irú ìdíje àgbáyé bẹ́ẹ̀.

Enugu bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ méjìlá ló wà láàárín. Ká ní ẹjọ́ náà fà díẹ̀, bí ẹjọ́ ṣe ń fà nílùú wa, ọwọ́ yín ni Bánjọ ì bá bọ́ sí. Ṣé ẹ ò ní yìnbọn pa á? Ẹ dákẹ́ sí ìbéèrè yẹn, mo mọ ìdáhùn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà yìí kó rò pé mo ń kọ oríkì. Ẹni tó ṣí ìlẹ̀kùn Midwest fún ogun, ó ní ohun tó jẹ ní gbèsè. Àwọn ará Asaba tí lọ́rì Bánjọ kọjá níwájú ilé wọn lóru yẹn ló san án. Nígbà tí ọmọ ogun Díífíṣọ̀n Kejì dé ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọkùnrin ìlú. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan la wà, kí ṣọ́jà lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ya àwọn obìnrin sọ́tọ̀. Wọ́n yìnbọn pa àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ní Ogbe-Osowa, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Gowon tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní 2002. Ológun kankan kò jẹ́jọ́ rẹ̀. Fáìlì Bánjọ àti fáìlì Asaba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú àpótí kan náà ni wọ́n wà. Bí ẹ bá ń ṣí ọ̀kan, ẹ ṣí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ń fẹ́ gan-an.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ ààrẹ, ìjọba kéde pé àwọn ọmọ ogun tí wọ́n lé dànù nítorí pé wọ́n jà fún Biafra ti di ẹni tó fẹ̀yìntì, kí wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ wọn. Ohun rere ni, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ṣé ó kan Bánjọ? Biafra ló jà fún, Biafra kan náà ló pa á. Kó tó di ọmọ ogun Biafra, ẹ̀yin lẹ fi í sẹ́wọ̀n. Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá ológun yín, kí lẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀? Ẹni tí wọ́n lé ni? Ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni? Ẹni tó kú sójú ogun ni? Àbí ẹ kàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo? Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún àwa náà.

Èkejì ni ìwádìí oṣù kìn-ín-ní 1966. Àwọn ọlọ́pàá ṣe é, àwọn ológun ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ Bánjọ: ta ló ní ó fẹ́ pa Ironsi, kí ni wọ́n bá lára rẹ̀, kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bí ẹ̀rí bá wà pé ó jẹ̀bi, mo ṣe tán láti kà á pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Àwọn tó ń sọ fún wa pé akọni ni, àwọn náà á kà á. Nígbà náà la tó lè jiyàn bí ọmọlúàbí.

Ẹ kò nílò láti kọ́ ilé tuntun fún un. Ilé ìkówèépamọ́sí ti orílẹ̀-èdè wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà yunifásítì níbi tí ẹ̀gbọ́n Bánjọ ti ṣiṣẹ́. Ó wà ní Kaduna, ó sì wà ní Enugu tí wọ́n ti pa á. Ẹ kó ẹ̀dà síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lè jókòó tì í. Ibi ìfihàn ohun ogun wà ní Umuahia láti 1985, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ogun àti bọ́ǹbù tí Biafra fọwọ́ ara wọn ṣe han àwọn ọmọ iléèwé. Ọmọ tó bá ti wo irin ogun tán, ó yẹ kó rí ìwé rẹ̀ kà pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lọ́fíìsì yín á mú òfin àṣírí ìjọba ti 1962 jáde. Ẹ rántí pé Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 wà, ó sì fún yín ní ọjọ́ méje péré láti dá ẹni tó bá béèrè lóhùn. Mo ti béèrè báyìí, lójú gbogbo ayé. Àṣírí wo ló kù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ìjọba tó pa á ti parẹ́ láti 1970? Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun nígbà náà, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn ti di arúgbó, ọdọọdún ni a sì ń gbọ́ ìkéde ìsìnkú wọn nínú ìwé ìròyìn. Bí a bá fẹ́ bi ẹnì kan léèrè ohun tí ìwé kò sọ, àkókò nìyí.

Bí ẹ bá wá a tí ẹ kò rí i, bó bá ti jóná tàbí tí ikán ti jẹ ẹ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀: ọdún tó sọnù, ọ́fíìsì tó wà kó tó sọnù, ẹni tó wà nípò nígbà náà. Kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń retí èsì yín